Èèyàn Mẹ́tàlélógún Tí Bàbá Awọnlẹ̀ Fi Kún Etídò

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni sì tó ṣí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi. Bí mo bá tún gbé e mì lónìí, ó tán nìyẹn, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ títí n ó fi kú. Òótọ́ tó yẹ kí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ẹ jẹ́ kó jáde."

Báyìí ni Bàbá Awọnlẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, nínú yàrá ìpàdé tó wà lókè ilé ìkàwé. Àwọn mọ́kànlá ló yí tábìlì gígùn kan ká, inú wọn sì ń dùn bí inú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìsinmi. Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jọ ń gbé àdúgbò kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ara wọn, nítorí inú kọ̀ǹpútà ni àdúgbò náà wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mọ́ ara wọn tán ni. Wọ́n ti fi Dókítà Eyín rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, torí pé nínú ẹ̀rọ, ọkùnrin náà ga ju òpó iná lọ, àmọ́ nígbà tó gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, èjìká Ìyá Aránṣọ ló ga dé.

Bàbá Awọnlẹ̀ nìkan ni kò rí ẹ̀rín rín. Ìyàwó rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí, jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, ó ń wò ó bí ìgbà tó ń wo aboyún tó kù díẹ̀ kó bí: kò lè bá a rọbí, ṣùgbọ́n kò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ọdún márùndínlógójì jẹun. Ó ti wọn ilẹ̀ nínú òjò, ó ti wọ̀n ọ́n nínú oòrùn, ó sì ti dúró láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń bú ara wọn nítorí ilẹ̀ tí kò gba àga méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń yàwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn pè é.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan."

Ó wò. Ó rí ìlú kan lójú kọ̀ǹpútà, odò ń ṣàn láàárín rẹ̀, àwọn èèyàn ń rìn lọ rìn bọ̀, wọ́n ń juwọ́ síra wọn.

"Àwọn wo nìyí?"

"Èèyàn gidi ni wọ́n, sà. Kálukú wà nílé rẹ̀ níbi tó wà láyé. Ẹ̀dà wọn lẹ̀ ń wò yẹn. Ẹ̀yin náà lè ní ẹ̀dà tiyín, kẹ́ ẹ wọṣọ fún un, kẹ́ ẹ kọ́lé fún un. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò lópin, sà."

"Kò lópin báwo?"

"Ẹ óò kàn máa fà á gùn ni."

Bàbá Awọnlẹ̀ wá àga, ó jókòó. Ilẹ̀ tí kò lópin! Ilẹ̀ tí kò ní ẹlẹ́jọ́! Àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ló lé e dìde níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òun ló la Etídò sílẹ̀, àdúgbò kan ní ẹ̀gbẹ́ odò ìlú inú ẹ̀rọ náà. Títì ibẹ̀ gún gbọọrọ. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá èkejì dọ́gba. Ó tiẹ̀ gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ títì, bẹ́ẹ̀ òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹnì kan bi í léèrè ohun tí gọ́tà fẹ́ gbà, ó ní òun ò lè sùn níbi tí kò sí gọ́tà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Láàárín ọdún méjì, irínwó èèyàn ló ti kọ́lé sí Etídò. Tíṣà, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò kíkọ́, ṣí ilé ìwé síbẹ̀. Dókítà Eyín máa ń dúró sí gbàgede, á máa pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ, tó jẹ́ pé aṣọ ilé ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo ló ń rán láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá, wá ń rán aṣọ tó ní ìyẹ́ fún àwọn ẹ̀dà, aṣọ tó ń pàwọ̀ dà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń rìn. Wọ́n gbéyàwó níbẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi díje níbẹ̀. Ìwé ìròyìn kọ nípa ìlú náà, wọ́n ní láìpẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo wa ó ti máa ṣiṣẹ́, ibẹ̀ lọmọ wa ó ti máa kàwé. Àwọn ará Etídò sì fi Awọnlẹ̀ jẹ Baálẹ̀. Ní ọ́fíìsì, èèyàn méjì péré ló ń pè é ní sà. Ní Etídò, bó bá ń kọjá, àwọn tó jókòó á dìde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ohun tó dùn ún níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó bínú lọ. Èèyàn á kàn sọ pé, "Mò ń bọ̀ o," kò sì ní padà wá mọ́. Ilé rẹ̀ á wà níbẹ̀, iná á ṣì máa tàn lójú fèrèsé. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ lọ, torí nǹkan tuntun ti dé sórí fóònù, fídíò kéékèèké tí kò gba sùúrù. Àwọn alágbàtọ́jú ẹ̀rọ náà rí i pé èèyàn ń dín kù, làwọn náà bá dẹwọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, odò dúró, kò ṣàn mọ́, ẹnikẹ́ni ò wá wò ó. Igi di àpótí aláwọ̀ eérú. Irínwó èèyàn di ọgọ́ta, ọgọ́ta di mọ́kàndínlógún.

Awọnlẹ̀ pe ìpàdé nítorí odò. Òfin tí òun fúnra rẹ̀ kọ sọ pé èèyàn mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sáwọn tó ni ẹ̀rọ. Pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀, àwọn mẹ́ta ló wá. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Níbi tó ti ń wo àga òfìfo, ojú rẹ̀ lọ sára kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tan án. Ó dá ẹ̀dà tuntun kan, ọkùnrin sísanra tó lejú koko, ó sọ ọ́ ní Aláròyé, ó sì mú un wọ ìpàdé.

"Mo fara mọ́ ọn," ni Aláròyé wí, "bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpàdé yìí ti pẹ́ jù, àga yín ò sì dáa."

Ẹ wá wo ayọ̀! Tíṣà dìde, "Ẹ káàbọ̀ o! A ò rí ẹni tuntun láti ọdún tó kọjá!" Dókítà Eyín fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ayọ̀ yìí wọ Bàbá Awọnlẹ̀ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní lẹ́tà yìí nìkan ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó dá obìnrin kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju "Ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dá tọkọtaya tó ń jà.

Kí ọdún tó yípo, èèyàn tó dá ti di mọ́kànlélógún. Kọ̀ǹpútà méjì àti fóònù mẹ́ta ló tò sórí tábìlì ìjẹun, ó sì ní ìwé kan tó kọ ìwà wọn sí: eléyìí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀, tọ̀hún máa ń jí ní kùtùkùtù, ẹni báyìí kò fẹ́ràn ajá. Ó máa ń ṣì í. Lọ́jọ́ kan, Aláròyé dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, Ẹ-kú-iṣẹ́ sì sọ ọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìmọ́tótó. Dókítà Eyín ní, "Ṣé ara wọn yá?" Baálẹ̀ ní oògùn ni wọ́n lò.

Ìyàwó rẹ̀ kọjá, ó rí i tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, tó ń tẹ fóònù, tí òógùn bò ó.

"Dádì, èèyàn mélòó lẹ̀ ń bá jà?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Tọkọtaya kan ló ń jà, mò ń là wọ́n ni."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà tán, kẹ́ ẹ wá jẹun."

Nínú gbogbo wọn, Atukọ̀ ló dáa jù. Awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tí ọkùnrin yẹn ti wá sí òun lọ́kàn: òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tiro díẹ̀, tó so ọkọ̀ kékeré kan mọ́ etí odò, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Awọnlẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tán kó tó dáhùn, ìyàwó rẹ̀ á jẹ́rìí sí i. Atukọ̀ máa ń gbọ́ ọ tán. Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ Atukọ̀ ní gbogbo ọ̀sán Fúráìdeè, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Opó ni. Nínú ilé rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń dá a lóhùn. Díẹ̀díẹ̀, ó sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún Atukọ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ó ti tọ́ ọ láti jogún ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ọmọ náà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyá ní obìnrin kì í wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní òun ti ń wà á. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu, ìyá sì ní kó má padà wá sílé òun mọ́. Ọdún mẹ́rin rèé.

"Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí i," ni Atukọ̀ wí. "Ẹ má dúró dè é. Ẹ kàn bi í bóyá ó ti jẹun."

"Èmi ìyá rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ kọ̀wé?"

"Ẹ̀yin ni."

"N ó rò ó," ni obìnrin náà wí. Ó sì jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń wo odò tí kò ṣàn.

Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó dé lọ́jọ́ Fúráìdeè kan, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti béèrè bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú tí Atukọ̀ sọ pé òun ń gbé. Wákàtí mẹ́fà péré ni. Òun fẹ́ wá kí i lójúkojú.

Ẹ̀rù ba Bàbá Awọnlẹ̀ débi pé ó pa kọ̀ǹpútà lójijì. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rìn kiri nínú ilé. Ó lè sọ òótọ́ nígbà yẹn, kò sì ní burú tó bó ṣe padà burú. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó wá dá ẹ̀dà kan sí i, àbúrò Atukọ̀. Òun ni ẹnì kẹtàlélógún, nítorí Atukọ̀ ló ṣe ìkejìlélógún. Ṣé ẹ rí nǹkan? Kó tó lè pa ọ̀kan, ó ní láti dá ọ̀kan sí i. Àbúrò wá sí gbàgede, ó kéde pé ẹ̀gbọ́n òun ti sùn, kò jí mọ́.

Gbogbo èyí ni Bàbá Awọnlẹ̀ ń sọ ní yàrá ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n kò tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe tò ó yìí. Ó ń ta kókó, ó ń ré kọjá, ó ń padà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lóye ni pé àwọn kan nínú aládùúgbò wọn kì í ṣe èèyàn. Tíṣà gbé gíláàsì wọ̀, ó mú bírò.

"Ẹ dárúkọ wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ-kú-iṣẹ́."

"Áà!" ni gbogbo ilé pariwo.

"Tọkọtaya oníjà."

"Àwọn tí mo gbà nímọ̀ràn?" Ẹnu ya Tíṣà. "Mo bá ọkọ yẹn wí!"

"Ẹ bá mi wí, mà. Mo gbọ́."

"Aláròyé ń kọ́?" Dókítà Eyín ti dìde dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tó jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé Aláròyé wà níbẹ̀."

"Èmi ni."

"Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá ọkùnrin yẹn jà! Ó ní eyín kì í ṣe nǹkan gidi, pé ká jẹ́ kó máa ṣubú bó ṣe fẹ́! Mo ka ìwé kí n tó fún un lésì! Mo ti iléewòsàn mi lọ́sàn-án kan!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Ọ̀rọ̀ yín dáa. Mo ti ń fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti ìgbà náà."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú. Dókítà Eyín rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú. Ẹnì kan ń lu ẹnì kejì lẹ́yìn. Àwọn méjì kan bínú, wọ́n ní àwọn ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, pé ọdún mẹ́ta làwọn fi ń kí afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, Bàbá Awọnlẹ̀ sì tẹrí ba fún wọn. Tíṣà ń kọ orúkọ, ó ń sọ pé, "Ẹ máa bá a lọ, ẹ máa bá a lọ," ẹ̀rín sì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà náà ni Ìyá Aránṣọ sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Atukọ̀ ń kọ́?"

Bàbá Awọnlẹ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mi orí sí i: ó kù díẹ̀, ẹ má dúró.

"Ìyá Aránṣọ, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù kẹ́ ẹ tó lé mi jáde. Atukọ̀ ò sí. Kò fìgbà kan sí. Nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá kí i, èmi ni mo pa á. Ẹ rántí ìsìnkú yẹn. Gbogbo yín wọṣọ dúdú. Èmi Baálẹ̀ ni mo dìde sọ̀rọ̀ nípa òkú, àgbàlagbà bíi tèmi, tí mo jókòó nílé pẹ̀lú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mò ń yin ẹni tí mo dá. Mo rí i tí ẹ̀dà yín ń sunkún, mo sì mọ̀ pé ẹ ń sunkún nílé. Mo tún wá gbọ́ pé ẹ ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ ń kọ lẹ́tà sí i lẹ́yìn tó kú. Gbogbo ọ̀sán Fúráìdeè lẹ ń jù ú sínú àpótí lẹ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà. Mo ṣí i. Mo ka mẹ́sàn-án. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún òkú ni mo fi ń tù yín nínú gẹ́gẹ́ bíi Baálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé oúnjẹ ò wọlé, lọ́jọ́ kejì mo ti ń bi yín bóyá ẹ jẹun. Ẹ wá sọ fún mi pé, 'Baálẹ̀, ẹ dà bí ẹni tó ń rí ọkàn mi.' Ọjọ́ yẹn ni mi ò lè ṣí àpótí yẹn mọ́. Ó ti pẹ́ jù. Olè ni mí, mà. Ohun tí mo jí kì í ṣe nǹkan tí mo lè dá padà."

Ìyá Aránṣọ dìde. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Ìyàwó Awọnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Bàbá Awọnlẹ̀ jókòó, kò mọ ibi tó lè kó ojú sí. Ẹnì kan rọra sún oúnjẹ tí wọn ò tíì ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé orí pé ó jẹ́wọ́. Oṣù tó ṣáájú ni àwọn tó ni ìlú inú ẹ̀rọ náà kéde pé àwọn ń tì í pa, pé ní agogo mẹ́rin ọ̀sán Sátidé yìí, gbogbo rẹ̀ á parẹ́. Ìyá Aránṣọ ló mú àbá wá pé kí àwọn tó kù pàdé, kí wọ́n jọ wò ó bó ṣe ń kú. Ó wá fi kún un pé kí wọ́n pe àbúrò Atukọ̀ náà, kí wọ́n ya ìṣẹ́jú kan sọ́tọ̀ fún olóògbé. Bàbá Awọnlẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí lórí tábìlì ìjẹun, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí Ẹ-kú-iṣẹ́. Kò rẹ́rìn-ín sí Atukọ̀.

"Ẹ óò sọ ọ́ fún un lójú gbogbo wọn."

"Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ í sọ ju mí lọ. Ṣé o lè..."

"Èmi kọ́ ni mo lóyún rẹ̀, Dádì. Ẹ̀yin lẹ máa bí i."

Ìdí nìyẹn tó fi bá a wá, tó sì jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Àwọn obìnrin méjèèjì padà wọlé. Ìyá Aránṣọ ti bọ́jú. Ó fa àga kan wá síwájú Bàbá Awọnlẹ̀, ó jókòó, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Ẹ má purọ́ fún mi."

"Mi ò ní purọ́ mọ́."

"Ọ̀rọ̀ tí Atukọ̀ sọ nípa ọmọ mi. Pé kí n kọ́kọ́ kọ̀wé, pé kí n bi í bóyá ó ti jẹun. Ta ló sọ ọ́? Ṣé ẹ rí i níbì kan ni?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò rí i níbì kankan. Mo rò ó tọkàntọkàn ni."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Lẹ́tà mẹ́sàn-án lẹ kà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo kọ. Ká ní ẹ ka ìkẹwàá ni, ẹ̀ bá ti gbọ́. Lẹ́yìn tí mo sin ọkùnrin yẹn, mo ní kí n ṣe ohun tó ní kí n ṣe, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ níbi tó wà. Mo kọ ọ́. 'Ṣé o ti jẹun?' Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn náà ni. Ó gba ọjọ́ mẹ́jọ kó tó dáhùn. Ó ní, 'Rárá, Mọ́mì, kí lẹ sè?'"

Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, fèrè ọkọ̀ kan dún nísàlẹ̀, ó rinlẹ̀ débi pé fèrèsé ilé ìkàwé mì. Gbogbo wọn sáré lọ wo ìta. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gùn ju ilé lọ dúró sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kẹ́kẹ́ nìkan. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìkàwé ń juwọ́, ọmọbìnrin kan sì yọrí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Òun ló gbé mi wá," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Mo jókòó síwájú. Ibẹ̀ ga gan-an ni."

Ìdùnnú mú kí Bàbá Awọnlẹ̀ fẹ́ dìde, obìnrin náà fi ọwọ́ dá a padà sórí àga.

"Ẹ dúró ná. Ẹ má rò pé èyí ti pa ìyẹn rẹ́. Mo sunkún nítorí ẹni tí wọn ò bí. Ẹ kà mí bí ìwé. Inú mi ò dùn sí yín, ó sì lè pẹ́ kó tó dùn. Ẹ óò máa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án Fúráìdeè, pẹ̀lú ìyàwó yín. Ẹ óò jókòó, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán kẹ́ ẹ tó dáhùn. Orúkọ ara yín lẹ óò sì fi dáhùn."

"N ó wá. Ẹ dárí jì mí, mà. Gbogbo yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ń gbìyànjú," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká jẹun kí agogo mẹ́rin tó lù."

Wọ́n jẹun. Ọmọ Ìyá Aránṣọ tó ń wa ọkọ̀ náà gòkè wá, òun àti ẹ̀ṣọ́ ilé ìkàwé tó ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n tan kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lára ògiri. Ẹ̀dà mọ́kànlá dúró sí gbàgede Etídò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tó ti di dígí. Lẹ́yìn wọn, títì gún gbọọrọ, gọ́tà mọ́ tónítóní, iná ń tàn nínú ilé tí kò sẹ́ni. Dókítà Eyín mú kí ẹ̀dà rẹ̀ fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Agogo mẹ́rin lù, gbogbo rẹ̀ sì lọ, kò pariwo, kò dágbére. Wọ́n rí ojú ara wọn nínú gíláàsì dúdú.

Bàbá Awọnlẹ̀ yíjú sí ọmọ awakọ̀, torí òun ló kéré jù nínú yàrá náà.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ kí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ gbọ́ èyí. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ràn lè tú. Bó bá ń tú, ẹ sunkún, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi irọ́ dí àyè àwọn tó lọ. Àwọn díẹ̀ tó kù lẹ ń fi irọ́ yẹn jẹ níyà, àwọn sì lẹ ní."

"Mo gbọ́, sà," ni ọmọ náà wí. "Àmọ́ Aláròyé yẹn, ó wù mí kí n pàdé rẹ̀."

"Ó wà nílé mi lójoojúmọ́," ni ìyàwó Awọnlẹ̀ dáhùn láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Wọ́n fẹnu kò pé àwọn á máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti ilé dé ilé. Ilé Bàbá Awọnlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí. Ó gbálẹ̀ pálọ̀ fúnra rẹ̀, ó to àga mọ́kànlá yí yàrá ká, ó wọn àárín wọn kí ó lè dọ́gba. Ìyá Aránṣọ dé, Tíṣà dé, Dókítà Eyín dé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan tó fi ta onílé lọ́rẹ. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Pẹ̀lú onílé, àwọn méje ló pé. Àwọn méjì tó bínú ò wá, ara ẹnì kan ò yá, ẹnì kan ò tilẹ̀ sọ ìdí.

Bàbá Awọnlẹ̀ wo àga mẹ́rin tó ṣófo. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó dìde, ó gbé àga méjì lọ sí yàrá, ó padà wá gbé méjì yòókù. Lẹ́yìn náà, ó fa tirẹ̀ sún mọ́ àwọn tó kù.

"Méje ni wá," ó wí. "Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"